Báwo Ni Tánkì Afẹ́fẹ́ Ọkọ̀ Yín Ṣe Yẹ Kó Tóbi Tó?

Ìbéèrè tí àwọn oníbàárà mi ní Àkúrẹ́ máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ọ̀gá, tánkì gálọ́ọ̀nù mélòó ni kí n rà?" Èmi náà á bi wọ́n padà: kí lẹ fẹ́ fi ọkọ̀ náà ṣe? Àpò afẹ́fẹ́ mélòó ló wà lábẹ́ rẹ̀? Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ wo lẹ ní? Ọ̀pọ̀ wọn á ti ra tánkì kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi. Wọ́n rí èyí tó ń dán, wọ́n rí i pé ó gba inú búùtù, wọ́n sanwó. Tánkì afẹ́fẹ́ kì í ṣe ohun tí à ń fojú rà. Ìṣirò la fi ń rà á, ìṣirò náà kò sì le ju ohun tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama lè ṣe sẹ́yìn ìwé lọ. Bí mo ṣe ń ṣe é ni mo fẹ́ kọ síbí, kí ẹni tó bá fẹ́ dé éà sọsipẹ́ńṣọ̀n, ìyẹn àpò rọ́bà tí à ń fi afẹ́fẹ́ kún láti gbé ọkọ̀ dìde, sí ọkọ̀ rẹ̀ má baà sanwó lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí tánkì ń ṣe. Ó dà bí ilé tó ní kànga ẹ̀rọ: pọ́ńpù ló ń fa omi, tánkì orí ilé kàn ń tọ́jú rẹ̀ dìgbà tí a bá fẹ́ lò ó ni. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ló ń ṣe afẹ́fẹ́. Tánkì kò ṣe ẹyọ kan. Ohun tó ń ṣe fún wa ni pé nígbà tí ẹ bá tẹ bọ́tìnì, ọkọ̀ á gbéra lójú ẹsẹ̀, kò ní máa dúró de kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tó ń pariwo. Ìdí nìyí tí tánkì ńlá kò fi lè wo àìsàn kọ̀mpúrẹ́sọ̀ kékeré sàn. Ńṣe ló máa ń dá kún un, torí pé kọ̀mpúrẹ́sọ̀ á máa ṣiṣẹ́ pẹ́ kó tó kún tánkì, á gbóná, á sì kú láìtọ́jọ́.

Bí ọkọ̀ yín bá jẹ́ èyí tí iléeṣẹ́ ti fi éà sọsipẹ́ńṣọ̀n sí láti ilé, bíi Mercedes S-Class tó jáde ní 1998 tàbí Range Rover, ẹ má wulẹ̀ ṣe ìṣirò kankan. Irú èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ wá. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ náà mọ iye àkókò tó yẹ kó gbà kí afẹ́fẹ́ kún, bí ẹ bá sì yí ìwọ̀n tánkì padà, ó lè máa kọ àṣìṣe sílẹ̀ lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹni tó ń fi àpò kún sípíríǹgì píkọ́ọ̀pù, tàbí ẹni tó ń yọ sípíríǹgì pátápátá láti fi àpò mẹ́rin rọ́pò rẹ̀, ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ wọn àpò kí ẹ tó wo tánkì

Ìwé tó bá àpò wá láti ilé iṣẹ́ máa ń sọ iye afẹ́fẹ́ tó ń gbà ní oríṣiríṣi gíga. Bí ìwé yẹn bá wà, ẹ lò ó. Bí kò bá sí, tí ẹ ra àpò tókunbọ̀, ẹ mú téèpù. Ẹ wọn bí àpò ṣe fẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì nígbà tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀, kí ẹ wọn gíga rẹ̀ pẹ̀lú, ní sẹ̀ǹtímítà. Ẹ mú ìdajì fífẹ̀ náà, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà ara rẹ̀, lẹ́yìn náà lọ́nà 3.14, lẹ́yìn náà lọ́nà gíga. Ẹ pín in sí 1,000, ohun tó jáde ni iye lítà. Kò ní rí gẹ́lẹ́ bíi ti ìwé, torí pé àpò kì í ṣe agolo, ó máa ń yọ ikùn níbì kan tí á sì fún níbòmíràn. Ṣùgbọ́n ó sún mọ́ ọn tó láti fi ra tánkì.

Àpò tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15, tó sì ga tó 18 nígbà tí ọkọ̀ dìde, ń gba nǹkan bíi lítà 3.2. Bí ọkọ̀ bá wálẹ̀ tí gíga rẹ̀ ku 8, lítà 1.4 ló ń gbà. Ẹ fi ìwọ̀nyí sọ́kàn, a máa lò wọ́n.

Ìṣirò gan-an

Òfin tí Robert Boyle kọ jáde ní 1662 la fi ń ṣe é: bí ẹ bá tẹ afẹ́fẹ́ kan náà sínú ààyè tó kéré, présọ̀ rẹ̀ á ga; bí ẹ bá tú u sínú ààyè tó tóbi, présọ̀ á wálẹ̀. Ohun kan ló wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé níbẹ̀. Géèjì tó kọ òdo kò túmọ̀ sí pé kò sí afẹ́fẹ́ níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ ayé tó yí wa ká fúnra rẹ̀ ní présọ̀ tó tó 14.7 psi (psi ni ìwọ̀n présọ̀ tí géèjì ń kọ), èmi máa ń pè é ní 15 kí ìṣirò lè rọrùn. Nítorí náà, bí ẹ bá ń ka ohun tó wà nínú àpò tí ààyè rẹ̀ ń yí padà, ẹ fi 15 kún ohun tí géèjì kọ.

Ẹ jẹ́ ká mú ọkọ̀ kékeré tó ní àpò mẹ́rin bí èyí tí a wọ̀n lókè. Nílẹ̀, géèjì àpò ń kọ 15 psi. Lókè, ó ń kọ 60. Àpò kan lókè: lítà 3.2 lọ́nà 75, ó jẹ́ 240. Àpò kan nílẹ̀: lítà 1.4 lọ́nà 30, ó jẹ́ 42. Ẹ yọ 42 kúrò nínú 240, ó ku 198. Ìyẹn ni afẹ́fẹ́ tí àpò kan máa mu kó tó dìde. Mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 792.

Tánkì wá ńkọ́? Ààyè tánkì kì í yí padà, nítorí náà ohun tí géèjì rẹ̀ máa fi wálẹ̀ kò ju pé kí ẹ pín 792 sí iye lítà tánkì. Gálọ́ọ̀nù tí wọ́n ń kọ sára àwọn tánkì wọ̀nyí, ti Amẹ́ríkà ni, lítà 3.8 ni ọ̀kan. Gálọ́ọ̀nù 3 jẹ́ lítà 11.4, gálọ́ọ̀nù 5 jẹ́ lítà 19. Bí ẹ bá pín 792 sí 11.4, géèjì á fi nǹkan bíi 70 wálẹ̀. Bí ẹ bá pín in sí 19, á fi nǹkan bíi 42 wálẹ̀.

Bí tánkì gálọ́ọ̀nù 3 bá wà ní 150 psi, ẹ tẹ bọ́tìnì, ọkọ̀ dìde, géèjì wálẹ̀ sí 80. Ó ṣì ju 60 tí àpò nílò lọ, gbogbo ẹ̀ dára. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń parí ìṣirò wọn, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìdí ni pé tánkì kì í wà ní 150 nígbà gbogbo. Súwíìṣì présọ̀ tó ń darí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ní ojú méjì: ibi tó ti ń pa á àti ibi tó ti ń tàn án. Èyí tó ń pa á ní 150 sábà máa ń jẹ́ kó lọ sílẹ̀ dé 110 kó tó tún tàn án. Bí ẹ bá dé ibi tí ẹ ti fẹ́ gbé ọkọ̀ sókè, tí géèjì ń kọ 112, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ò tíì tàn. Ẹ wá yọ 70 kúrò nínú 110: ó ku 40. Àpò ń fẹ́ 60. Ọkọ̀ á dìde dé ìdajì, á dúró síbẹ̀, ẹ̀yin á sì máa retí kọ̀mpúrẹ́sọ̀. Oníbàárà á wá pè mí pé tánkì òun ń jò. Tánkì kò jò. Ó kéré ni.

Nítorí náà, ibi tí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ti ń tàn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò yín. Bí ẹ kò bá mú nǹkan mìíràn nínú gbogbo ohun tí mo kọ yìí, ẹ mú ìyẹn. Pẹ̀lú gálọ́ọ̀nù 5 láti 110, géèjì á wálẹ̀ sí 68. Ọkọ̀ á dìde, ṣùgbọ́n ìparí rẹ̀ á máa fà, torí pé bí présọ̀ tánkì bá ti sún mọ́ ti àpò, afẹ́fẹ́ kì í sáré mọ́. Mo máa ń fẹ́ kí tánkì ṣì fi 20 tàbí 30 psi ju àpò lọ lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti dìde tán.

Ọ̀nà kejì ni kí ẹ gbé présọ̀ sókè dípò kí ẹ ra tánkì tó tóbi sí i. Súwíìṣì wà tó ń tàn ní 165 tó sì ń pa ní 200. Pẹ̀lú rẹ̀, gálọ́ọ̀nù 3 yẹn kan náà á wálẹ̀ láti 165 sí 95: ọkọ̀ dìde dáadáa. Gálọ́ọ̀nù 5 á wálẹ̀ sí 123, ẹ lè tún gbé e lẹ́ẹ̀kejì kó wálẹ̀ sí bíi 82. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè kàn yí súwíìṣì. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ gbọ́dọ̀ lè dé 200 láìkú, tánkì, họ́ọ̀sì àti fáàfù náà gbọ́dọ̀ lè gbà á. Ẹ ka ara ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Èyí tó kéré jù nínú wọn ló ń pàṣẹ fún gbogbo wọn.

Ẹ má gbàgbé pé àpò fúnra rẹ̀ ní òpin. Ọ̀pọ̀ àpò tí wọ́n ń fi kún sípíríǹgì píkọ́ọ̀pù kò gbọdọ̀ kọjá 100 psi. Bí tánkì bá wà ní 200, tí ẹ wá fọwọ́ gbàgbé sórí bọ́tìnì, àpò lè bẹ́. Ẹ fi géèjì sí ọ̀nà àpò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì máa wò ó.

Píkọ́ọ̀pù tó ń kó ẹrù

Oníbàárà mi kan ń fi Hilux kó kòkó láti ọ̀nà Ìdànrè wá sí Àkúrẹ́. Ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ti ń tẹ̀ wálẹ̀, iná iwájú ń wo ojú ọ̀run lálẹ́, ó sì fẹ́ kí n fi àpò méjì gbé ẹ̀yìn dìde. Gálọ́ọ̀nù 5 ló ní lọ́kàn. A jókòó, a ṣe ìṣirò. Àpò rẹ̀ fẹ̀ tó 15, ó ga tó 15, ìyẹn bíi lítà 2.65. Ọkọ̀ rẹ̀ kò lọ sókè-sódò, gíga rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Présọ̀ nìkan ló ń gbé láti 10 nígbà tó ṣófo sí 50 nígbà tí àpò kòkó ti kún ẹ̀yìn. Nígbà tí ààyè ò bá yí padà, ẹ ò nílò 15 yẹn: 40 lọ́nà 2.65 lọ́nà méjì, 212. Tánkì gálọ́ọ̀nù 1 á fi 56 wálẹ̀ fún ìyẹn. Láti 110, ó ku 54. Ó kàn jẹ́ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má tó. Gálọ́ọ̀nù 2.5, tó jẹ́ lítà 9.5, á fi 22 péré wálẹ̀, ó ku 88. Èyí la fi sí i. Gálọ́ọ̀nù 5 ì bá kàn jẹ́ irin tó ń gbé kiri lórí òkè Ìdànrè ni.

Mo tún sọ fún un, ohun tí mo sì máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó ń kó ẹrù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni, pé ẹni tó jẹ́ pé ọjọ́ ọjà nìkan ló ń kó ẹrù kò nílò tánkì rárá. Àpò yẹn ní fáàfù tó dà bíi ti táyà. Ẹ yà lọ́dọ̀ fọkanáísà, ẹ sọ iye tí ẹ fẹ́, ẹ sanwó, ẹ máa lọ. Bí ẹ bá já ẹrù tán, ẹ tú u sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó dé òdo. Ẹ fi ó kéré tán 5 psi sínú rẹ̀, torí pé àpò tó ṣófo máa ń ká sínú ara rẹ̀, irin á sì gé e bí ọkọ̀ bá bọ́ sí kòtò.

Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ àti tánkì gbọ́dọ̀ bára mu

Iye tí wọ́n kọ sára páálí kọ̀mpúrẹ́sọ̀, ìyẹn nígbà tí kò sí présọ̀ kankan lójú rẹ̀ ni. Bí présọ̀ bá ti ń ga, ohun tó ń mú jáde ń dín kù. Ẹ wá tábìlì tó sọ ohun tó ń mú jáde ní 100 tàbí 150 psi.

Ẹ gbà pé tiyín ń mú lítà 30 jáde ní ìṣẹ́jú kan. Láti dá 792 tí àpò mẹ́rin mu padà, ẹ pín in sí 15, ó jẹ́ lítà 53 afẹ́fẹ́ ayé. Ó kéré sí ìṣẹ́jú méjì. Kò burú. Láti kún gálọ́ọ̀nù 5 látòdo dé 200, lítà 253 ni: ó ju ìṣẹ́jú mẹ́jọ lọ. Ẹ wá wo duty cycle tó wà lára rẹ̀. Èyí tó kọ 33% túmọ̀ sí pé nínú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, mẹ́wàá ló lè fi ṣiṣẹ́, ogún ló gbọ́dọ̀ fi sinmi. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ gbogbo rẹ̀ tán, nínú oòrùn ọ̀sán Àkúrẹ́, lábẹ́ ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti gbóná. Bí kíkún tánkì látòdo bá ju ìdajì àkókò tí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ yín lè fi ṣiṣẹ́ lọ, yálà ẹ ra tánkì tó kéré sí i tàbí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tó lágbára sí i. Èmi á ní kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ni kí ẹ fowó sí.

Nípa iná rẹ̀: ọ̀nà tirẹ̀ láti bátìrì, wáyà tó nípọn, rílé, àti fíúsì nítòsí bátìrì. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó kún tánkì tó ṣófo.

Ohun tí kò gbọdọ̀ di tánkì

Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ ka apá yìí. Sílíńdà gáàsì fíríìjì pọ̀ káàkiri, èyí tó ní àwọ̀ bùlúù fẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń ta R-134a. Àwọn tó ń tún éàkọ́ńdíṣọ̀n ṣe máa ń jù ú nù, ẹlòmíràn á gbé e, á jó fáàfù mọ́ ọn, á sì sọ ọ́ di tánkì afẹ́fẹ́. Wọ́n gbé irú rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Mo tú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, mo fi sọ́ọ̀ gé e sí méjì lójú ẹni tó ni ín. Ìta rẹ̀ ṣì ní ọ̀dà tó jọjú. Inú rẹ̀ pupa bí ilẹ̀ ọ̀nà oko. Ìsàlẹ̀, níbi tí omi máa ń dúró sí, ìpẹtà ti jẹ ihò wẹ́wẹ́ wẹ́wẹ́ sínú irin, ibì kan tinrin débi pé mo fi ṣóńṣó ìṣó gún un kọjá. Ìsàlẹ̀ yẹn ló ń gbé 120 psi kiri lẹ́yìn ìjókòó tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń jókòó sí.

Ẹni tó ṣe sílíńdà yẹn kò ṣe é fún irú iṣẹ́ yìí. DOT-39 ló wà lára rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n gbọ́dọ̀ kún un, kí wọ́n sì jù ú nù. Irin rẹ̀ tinrin, kò ní ọ̀nà tí omi lè gbà jáde nísàlẹ̀, gáàsì fíríìjì tó gbẹ ni wọ́n ní lọ́kàn, kì í ṣe afẹ́fẹ́ tó kún fún omi. Sílíńdà gáàsì ìdáná náà kò yẹ. Òórùn àti òróró gáàsì máa ń kù nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń bọ̀ láti inú kọ̀mpúrẹ́sọ̀ kò sì yẹ kó pàdé rẹ̀. Sílíńdà panápaná pẹ̀lú, ẹ fi sílẹ̀ fún iná. Tánkì tí wẹ́dà àdúgbò fi páìpù àti irin pẹlẹbẹ jó, mi ò ní dé e fún ẹnikẹ́ni bó ti wù kó bẹ̀ mí tó.

Tánkì tó yẹ ní àkọlé. Ti Amẹ́ríkà lè kọ DOT, SAE J10 tàbí ASME. Ti Yúróòpù tí wọ́n ń tú lára ọkọ̀ akẹ́rù, tí ẹ lè rí ní Ládípọ̀ l'Ékòó, máa ń ní irin pẹlẹbẹ kékeré tó kọ EN 286-2, pẹ̀lú PS, ìyẹn présọ̀ tó ga jù, àti V, ìyẹn iye lítà. Ọ̀pọ̀ èyí tó ti kọjá lọ́wọ́ mi ń kọ 12.5 bar. Bar kan jẹ́ 14.5 psi, nítorí náà 181 psi nìyẹn. Irú tánkì bẹ́ẹ̀ dára púpọ̀ fún ètò 150 psi, kò sì gbọdọ̀ rí 200. Bí àkọlé bá ti ṣí, tàbí wọ́n ti kùn ún pa, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Kí ẹ tó sanwó fún tókunbọ̀, ẹ tú ìdérí ìsàlẹ̀, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sínú ihò kan, kí ẹ sì wò láti inú òmíràn. Ìpẹtà fẹ́ẹ́rẹ́ bí eruku kì í ṣe òpin ayé. Bí ẹ bá mì ín tí ẹ gbọ́ ohùn èépá nínú rẹ̀, tàbí tí ojú ìjó rẹ̀ wú, tàbí tí ẹ rí ibi tí wọ́n tún un jó, ẹ gbé e padà síbi tó wà.

Fáàfù ààbò gbọ́dọ̀ wà lórí tánkì fúnra rẹ̀, kì í ṣe lórí họ́ọ̀sì tó ti ibẹ̀ jáde. Ó gbọ́dọ̀ ṣí kí présọ̀ tó kọjá ohun tó wà lára àkọlé tánkì. Fún ètò 150, èyí tó ń ṣí ní 175 ni mò ń lò.

Irin tàbí alumíníọ́mù

Alumíníọ́mù fúyẹ́, kì í pẹtà pupa, ó sì wọ́n. Irin wúwo, ó ń pẹtà láti inú, ṣùgbọ́n ó ń fara da òkúta ọ̀nà. Fún Hilux tó ń wọ oko, irin ni mo máa ń yàn, tánkì á sì wà láàárín férémù níbi tí òkúta kò ti ní rí i. Fún ọkọ̀ kékeré tó jẹ́ pé Alágbàká sí Ìjàpọ̀ ló ń lọ, tí tánkì rẹ̀ wà nínú búùtù, alumíníọ́mù dára. Ẹ ka ihò rẹ̀ kí ẹ tó rà á: kọ̀mpúrẹ́sọ̀, súwíìṣì, géèjì, fáàfù ààbò, ibi ìtúmi, àti ó kéré tán ọ̀kan tí afẹ́fẹ́ máa gbà lọ sí àpò. Mẹ́fà nìyẹn. Bí ẹ bá fẹ́ kí ọkọ̀ yára dìde, ihò tó ń lọ sí àpò ló yẹ kó fẹ̀, kí họ́ọ̀sì náà sì fẹ̀ bákan náà. Tánkì ńlá tó ń gba ọ̀nà tóóró jáde kò ní yára.

Omi

Mi ò rí ohun tó ń pa tánkì ní agbègbè wa tó omi. Nígbà òjò, afẹ́fẹ́ Àkúrẹ́ máa ń kún fún omi débi pé lítà 250 rẹ̀, tó tó láti kún gálọ́ọ̀nù 5 dé 200 psi, lè gbé omi tó gíráàmù 6 wọlé. Ṣíbí tíì kan àti díẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ bá tẹ̀ ẹ́ tí ó sì tutù nínú tánkì, èyí tó pọ̀ jù nínú omi náà á rọ̀ sísàlẹ̀. Ẹ wá fojú inú wo ọkọ̀ tó ń dìde tó sì ń wálẹ̀ lójoojúmọ́. Lẹ́yìn oṣù kan láìtú, ohun tó máa ń jáde ní àwọ̀ ògì bàbà, ó ń rùn bí òróró àtijọ́, ó sì ń gba ààyè afẹ́fẹ́. Tánkì tí omi gba lítà 2 nínú rẹ̀ ti di tánkì tó kéré ju èyí tí ẹ san owó rẹ̀ lọ, gbogbo ìṣirò òkè yẹn sì ti bàjẹ́.

Nítorí náà, ihò ìtúmi gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá bí tánkì bá ti wà nípò rẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀. Mo ti rí tánkì tó dára gan-an tí wọ́n yí ojú rẹ̀ sókè torí kí géèjì lè hàn. Omi ò sì rí ọ̀nà jáde. Ní ìgbà òjò, ẹ máa tú u lọ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ní ọyẹ́ ẹ̀ẹ̀kan tó. Ẹ jẹ́ kí présọ̀ díẹ̀ wà nínú rẹ̀ kó lè ti omi jáde, ẹ yí ojú yín kúrò, kí ẹ sì ṣí i díẹ̀díẹ̀. Ìgò tó ń sẹ́ omi láàárín kọ̀mpúrẹ́sọ̀ àti tánkì ń ràn wá lọ́wọ́, kò gba iṣẹ́ títú yìí lọ́wọ́ yín.

Họ́ọ̀sì tó jáde láti orí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ oníwáyà tó bá a wá, torí ó gbóná. Rọ́bà ṣíṣu lásán á yọ́ níbẹ̀. Fáàfù tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ padà sínú kọ̀mpúrẹ́sọ̀ náà, ẹ má yọ ọ́.

Ẹ̀yin awakọ̀ tírélà

Bí tánkì bíréèkì bá wà lábẹ́ ọkọ̀ yín, ó lè dà bíi pé kí ẹ kàn fa ojú kan lára rẹ̀ fún àpò. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti ṣe ìṣirò tánkì yẹn fún bíréèkì nìkan. Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní FMVSS 121, àpapọ̀ tánkì bíréèkì ọkọ̀ akẹ́rù gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po 12 ààyè gbogbo ṣáńbà bíréèkì rẹ̀, ìyẹn agolo tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀ láti ti bíréèkì. Bí àpò kan bá bẹ́, afẹ́fẹ́ bíréèkì á bá a lọ, ẹ sì lè wà lórí ìdagẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Àpò gbọ́dọ̀ ní tánkì tirẹ̀, tó ń gba afẹ́fẹ́ nípasẹ̀ fáàfù tó máa ń pa ara rẹ̀ dé bí présọ̀ ẹ̀gbẹ́ bíréèkì bá ti ń wálẹ̀. Iṣẹ́ ẹni tó mọ éà bíréèkì dáadáa nìyẹn.

Dídè é, àti dídán an wò

Ẹ má jó ohunkóhun mọ́ ara tánkì, ẹ má lu ihò sí i. Àmùrè irin méjì pẹ̀lú rọ́bà lábẹ́ wọn ni kí ẹ fi dè é mọ́ férémù. Kó jìnnà sí ẹ̀sọ́ọ̀sì, kó má sì jẹ́ òun ló máa kọ́kọ́ kan spídì bọ́mpù. Ẹ wé téèpù funfun tí àwọn púlọ́ńbà ń lò mọ́ gbogbo ojú okùn, ìyẹn ibi onílà tí ìsopọ̀ fi ń yí wọlé, kí ẹ fi ojú okùn méjì àkọ́kọ́ sílẹ̀ kí téèpù má baà ya wọnú fáàfù.

Ẹ kún un dé ìdajì présọ̀, ẹ da omi ọṣẹ sí gbogbo ojú ìsopọ̀, ẹ wo ibi tó ń hó. Ẹ tú afẹ́fẹ́ kí ẹ tó fún ohunkóhun le. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kún un tán, ẹ jẹ́ kó tutù fún wákàtí kan, torí afẹ́fẹ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ gbóná, présọ̀ rẹ̀ á sì wálẹ̀ fúnra rẹ̀ bó bá tutù. Ìgbà yẹn ni kí ẹ kọ ohun tí géèjì sọ sílẹ̀, pẹ̀lú wákàtí tí ẹ kọ ọ́.

Bí ẹ bá kọ 150 lọ́sàn-án nígbà tí ooru tó 35°C, tí ẹ wá kà á ní ìdájí ní 23°C, géèjì á ti fi nǹkan bíi 6 psi wálẹ̀ láìjò rárá. Ẹ má tìtorí ìyẹn tú gbogbo iṣẹ́. Ẹ dúró di ọ̀sán ọjọ́ kejì, wákàtí kan náà, kí ẹ tún un kà. Bí ó bá padà sí ibi tó wà lánàá tàbí ó kù díẹ̀ kó dé ibẹ̀, ẹ lè máa wa ọkọ̀ yín lọ. Bí ó bá ti fi 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wálẹ̀, ẹ gbé omi ọṣẹ padà wá, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ojú fáàfù àwọn àpò.